Lẹ́tà sí Àǹtí Nyanya

Àǹtí mi,

A ti ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ yín. Ìrẹsì pọ̀, ẹran ò tó; ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ ò bá ti bá ẹnì kan jà.

Ọ̀la ni ìdánwò corporate finance, ẹ̀kọ́ nípa owó ilé-iṣẹ́. Iná ti lọ ní Gwagwalada, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kàwé. Ìbéèrè kan nínú ìdánwò ọdún tó kọjá ló gbé yín dé: ẹni méjì fẹ́ gba iye owó kan náà, ọ̀kan lónìí, ìkejì ní ìparí ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá fọ́múlà. Ìwé àjọ yín lèmi ń ṣí, èyí tí ẹ máa ń fi rọ́bà dè.

Ẹ̀yin lẹ san owó JAMB mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa ka owó lẹ́ẹ̀mejì, kí n má sì kà á lójú ọjà. Mi ò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n àjọ 2023 yẹn, Àǹtí. Ènìyàn méjìlá, 50,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá kàn a kó 600,000. Ọ̀rẹ́ yín tó ń ta bàtà lẹ fi ṣe àkọ́kọ́, Màmá mi lẹ fi ṣe ìkẹyìn. Mo wà níbẹ̀. Màmá ní àwọn fẹ́ fi ra fìríìsà, kí ẹja àwọn yé bàjẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fi àlejò sẹ́yìn, wọ́n á bá mi jà. Ta ni yóò yé, bí kò ṣe ẹ̀yin?" Màmá ò fèsì. Wọ́n kàn ń tún gèlè wọn wé.

Ìparí oṣù Karùn-ún, epo bẹntiróòlù fò dé 537 náírà ní Abuja. Oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sí dọ́là. Oṣù Keje, epo di 617. Nígbà tí Màmá kó tiwọn ní oṣù Kejìlá, owó náà pé, kò dín kọ́bọ̀. Fìríìsà ló ti sá lọ.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lálẹ́ yìí, nígbà tó yẹ kí n máa ṣe ti WACC, ìyẹn ìpíndọ́gba iye tí owó tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣòwò ń ná an. Ká fi í sí èlé 2% lóṣù, èyí tí àwọn ayánilówó orí fóònù máa fi ṣẹ̀fẹ̀. 600,000 tó máa dé lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, bí 482,500 ló jẹ́ lójú ẹni tó kó o ní oṣù kìíní. Ìyókù dà? Ẹ tún wò ó: ẹni ìkẹyìn ló ń gbàdúrà kí àwọn mọ́kànlá tó ti kó má sá lọ, ẹni àkọ́kọ́ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé tiwa, ẹni tó bá gbé ewu ni wọ́n ń fi èrè kún tirẹ̀. Nínú ìwé tiyín, wọ́n ní kó mú sùúrù.

Modigliani àti Miller, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, kọ ọ́ ní 1958 pé níbi tí kò bá ti sí owó orí, tí jíjẹ gbèsè kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, bóyá gbèsè ni ilé-iṣẹ́ fi ń ṣòwò ni o, bóyá owó àwọn onípìn-ín ni, iye rẹ̀ ò yí padà. Mo ti kọ́ ọ sórí. Ẹ̀rí wọn dùn-ún kà, ṣùgbọ́n wọn ò dé àdúgbò yín ní Nyanya.

Ọjọ́ Ẹtì ni ti economics. Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀-ajé mìíràn, ní ká yọ ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò lára èlé, ká tó mọ èrè gidi. Ọ̀wọ́ngógó oṣù Kejìlá 2023, 28.92%. Èlé àjọ yín, òdo. Ẹ bá mi yọ ọ́.

Ìdajì ni àjọ ọdún yìí dé tí ẹ fi lọ. Èmi ni wọ́n kó ìwé fún, wọ́n ní ṣebí owó ni mò ń kà ní yunifásítì. Mẹ́ta nínú àwọn tó ti kó kò gbé fóònù mọ́. Àwọn tí kò tíì kó ń pè mí láti ìdájí. Màmá sì tún wà nísàlẹ̀ ìwé, ìkẹyìn, ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni. Inú owó yẹn ni owó ilé-ìwé mi yẹ kó ti jáde.

Mo ní kí Màmá má dá ti oṣù yìí. Wọ́n ní orúkọ àbúrò àwọn ni, àwọn ò lè bà á jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, 50,000 wọn wọ àkáǹtì mi. Ẹni tó kàn láti kó ti ń bi mí pé ìgbà wo. Mo ní ó di lẹ́yìn ìdánwò.