Ẹ jẹ́ kí a wo agbè náà kí a tó sọ pé kò fọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nígbà tí oyún bá wálẹ̀ lára obìnrin níhìn-ín ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ máa ń fi tù ú nínú ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, èmi fúnra mi sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti kan àbúrò mi obìnrin ni mo ti rí i pé a kì í yẹ agbè náà wò kí a tó jẹ́rìí pé kò fọ́.

Oyún ọ̀sẹ̀ 9 ni ó wálẹ̀ lára rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ti jáde tán, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ṣe síkáàn fún un. Ohun tí wọ́n kọ sí ìwé síkáàn náà ni pé kókó olómi kan wà ní ilé ẹyin rẹ̀ lápá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, kókó ni gbogbo wa gbájú mọ́, kò sí ẹni tí ó ka ẹ̀jẹ̀ sí mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ se àgbo tí yóò tú kókó, oníkẹ́mísì àdúgbò ta oògùn tí yóò dá ẹ̀jẹ̀ dúró, èmi náà sì ń bá a gbààwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Mo lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo gbúròó omi lẹ́yìnkùlé: òun ni ó ń fọ àwọn aṣọ àlòkù tí ó ń dì sí ìdí, nítorí owó páàdì ti tán, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun rí i. Nígbà tí ó fẹ́ dìde, ògiri ni ó dì mú. Mo tan iná fóònù, mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ògì. Nínú gbogbo àwa tí a ń sáré kiri nítorí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í rí pé aṣọ mélòó ni ó ń lò lójúmọ́.

Ìbéèrè tí dókítà ilé ìwòsàn ńlá kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá àmì oyún ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tún síkáàn ṣe, wọ́n sì rí i pé oyún náà ṣẹ́kù díẹ̀ sínú ilé ọmọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n fà á jáde. PCV rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti tó lára, jẹ́ 21, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ti obìnrin tí ara rẹ̀ dá tó 36.

Kókó tí a tìtorí rẹ̀ gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ojú ibi tí ẹyin obìnrin ti jáde máa ń di àpò kékeré kan, àpò yìí ni ó sì ń pèsè ohun tí ń mú oyún dúró títí ibi ọmọ yóò fi lágbára láti gba iṣẹ́ náà. Bí omi bá gbá jọ sínú rẹ̀, síkáàn á rí i bíi kókó, ó sì sábà máa ń pòórá fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Nígbà tí ó padà lọ, wọn kò bá kókó kankan níbẹ̀ mọ́.

Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fojú kéré kókó o. Bí inú bá dédé ń dun obìnrin kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì ń bì, ó lè jẹ́ pé kókó náà ti bẹ́ tàbí pé ilé ẹyin ti lọ́ pọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró di ọ̀la. Oyún kan tún wà tí kì í di ọmọ, tí ibi ọmọ rẹ̀ máa ń wú ní hóró-hóró bí èso àjàrà. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí kókó sì yọ ní ilé ẹyin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ṣe ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí àmì oyún yóò fi kúrò pátápátá, nítorí ohun tí ó bá ṣẹ́kù lè di jẹjẹrẹ. Àgbo wo ni yóò sọ fún wa èyí tí ó jẹ́ nínú wọn?

Ẹ̀jẹ̀ oyún tí ó wálẹ̀ sábà máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dá láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, bí ara bá ń gbóná, bí ohun tí ń jáde bá ń rùn, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ. Bí ó bá sì ń rin páàdì 2 gbingbin láàárín wákàtí kan, tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2 léraléra, kí ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo bẹ àwọn tí ń ṣètọ́jú wa pé kí wọ́n máa túmọ̀ ìwé síkáàn fún obìnrin ní èdè tí ó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì rẹ̀ kí ó tó kúrò níwájú wọn. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, kí ẹ fi ojú ewé ìlera yín sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí àwọn ìyá ọkọ àti àwọn ọkọ ń ka ìwé ìròyìn yín.

Àbúrò mi ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Òun ni ó ní kí n kọ lẹ́tà yìí, ó sì ní kí n má fi iye aṣọ náà pamọ́: 7 ni lójúmọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Obìnrin oníṣòwò kan,
Iléṣà.