Àwọn ló ṣi owó kọ, èmi ni wọ́n bu owó ìpẹ́ lé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń bá fínra ní Abẹ́òkúta yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe àdìrẹ kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Gbèsè wo? Wọ́n ní ọmọ tó ń kọ̀wé fún wọn fi iye àtijọ́ ṣírò ìdì aṣọ tí mo rà lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, pé iye tuntun ló yẹ kó kọ. Wọ́n ní kí n wá san ohun tó kù láàárín ọjọ́ 3. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀: wọ́n ti bu owó ìpẹ́ lé e, ìyẹn owó ìtanràn pé mo pẹ́ kí n tó san án, wọ́n sì ń ka ìpẹ́ náà láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọjà.

Ta ló pẹ́? Ṣé èmi tí mo ka owó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé rìsíìtì mi pé àwọn ti gbà á, ni mo pẹ́, àbí àwọn tó fi ìwé tiwọn sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò títí ọjà fi tán?

Mo gbé rìsíìtì mi lọ bá wọn. Bíróò búlúù ni wọ́n fi kọ iye owó ìdì kan sórí rẹ̀, ó hàn ketekete. Wọ́n mú ẹ̀dà tiwọn jáde, èyí tí wọ́n fi kábọ̀nù kọ sórí bébà yẹ́lò. Lórí tiwọn, ẹnì kan ti fi bíróò pupa fa ìlà gba orí iye yẹn kọjá, ó kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ bálánsì sísàlẹ̀. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí orúkọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, ìgbà tí ọ̀gá ń yẹ ìwé wò ni wọ́n rí i.” Mo bi í pé, “Ọmọ mi, ta ló fi pupa kọ ọ́, ọjọ́ wo ló sì kọ ọ́?” Kò rí èsì fún mi.

Aṣọ tí à ń wí yìí ti kúrò lọ́wọ́ mi tipẹ́. A ti fi ìda tẹ̀ ẹ́, ó ti wọ àró, ó ti gbẹ lórí okùn, oníbàárà mi láti Ìbàdàn ti kó o lọ fún aṣọ ẹbí. Iye tí wọ́n kọ fún mi ni mo fi mọ iye tí mo máa tà á. Lórí rẹ̀ ni mo ti ro owó àró, owó sódà, owó igi ìdáná àti owó àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, kí n tó fi èrè tèmi lé e. Èrè náà kò tó nǹkan mọ́ látìgbà tí àfijọ àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà. Ṣé kí n wá pe obìnrin Ìbàdàn yẹn pé kó fi owó kún aṣọ táwọn èèyàn ti rán, tí wọ́n ti wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó?

Mo mọ̀ pé owó ọjà kò dúró sójú kan látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sí dọ́là ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023. Èmi náà ń tajà, mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ta nǹkan lónìí kó má lè fi owó rẹ̀ ra òmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá gbé ìdì 22 tí wọ́n sì kọ 20 sílẹ̀ fún mi, ìdì 2 yẹn wà lọ́rùn mi, màá san án, nítorí ọjà ọlọ́jà ni. Iye owó kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n dá, tí mo gbà, tí mo san, ti parí. Yálà ìdì ni wọ́n ṣì kà o, yálà iye owó ni wọ́n ṣì kọ o, ibo ni owó ìpẹ́ ti wọ̀ ọ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́lé ní Ọbáńtokò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ta páànù fún un. Páànù ti wà lórí ilé kí wọ́n tó sọ pé àwọn ṣi ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kà. Ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Kútọ̀ san tirẹ̀ ni, tòun ti owó ìpẹ́, torí wọ́n ní bí kò bá san án, àwọn ò ní tajà fún un mọ́. Bí wọ́n ṣe ń rí wa mú nìyẹn.

Òfin sì wà o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà sọ pé dandan ni kí ẹni tó tajà kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó rà á: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, irú ọjà, iye ẹyọ kan, bó ṣe pọ̀ tó àti àpapọ̀ owó. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n má gbà ju iye tí wọ́n gbé síta lọ. Ta ló ń mú un ṣẹ nínú ọjà wa? Àwọn aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ọ̀nà ọjà dáadáa bó bá di owó ìwé àṣẹ àti owó orí. Bó bá di pé wọ́n rẹ́ aláìní jẹ, a kì í gbúròó wọn. Àwọn olórí ọjà kan náà ń wò níran, torí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n jọ ń ṣèpàdé.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí ẹgbẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ní Ìtòkú, ní Kútọ̀, ní Lafẹ́nwá, tẹ ìwé rìsíìtì kan náà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà lódindi. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ nílùú yìí, owó rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kó jẹ́ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á jọ fọwọ́ sí méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan kan níbẹ̀ lẹ́yìn náà láìsí ìfọwọ́sí ẹnì kejì, ìyípadà náà di òfo. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé bí ṣọ́ọ̀bù bá ṣi iye owó kọ, wọ́n ní ọjọ́ 14 láti sọ ọ́. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ni kí wọ́n jẹ àdánù rẹ̀. Bó bá jẹ́ bí ọjà ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣì kà, kí wọ́n gbé ìwé wọn wá síwájú Ìyálọ́jà, kí oníbàárà gbé tirẹ̀ wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí oníbàárà san owó ọjà náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un ní iye àsìkò tí àwọn fi dákẹ́. Bí wọ́n dákẹ́ fún oṣù 4, kí ó ní oṣù 4 láti máa san án díẹ̀díẹ̀, láìsí owó ìpẹ́ kankan lórí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n gbà jù lọ́wọ́ oníbàárà ni, kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú ọjà tó kàn.

Kí àjọ ààbò oníbàárà náà wá bá wa nínú ọjà. Kí ilé iṣẹ́ rédíò wa sì máa ka òfin yẹn sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, ẹ má sáré san án, ẹ má sì bá wọn jà. Ẹ sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni wọ́n ṣì, ta ló ṣì í, ìgbà wo ni wọ́n rí i. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì yín, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó tí ẹ san ní báńkì, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé gbèsè kankan níwájú káńtà wọn.

Èmi ti kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì fi ẹ̀dà kan fún olórí ẹgbẹ́ wa. Mo ní kí wọ́n mú ẹni tó fi bíróò pupa kọ̀wé wá, ká jọ sọ ọ́. Owó ìpẹ́ yẹn, mi ò ní san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Aláàdìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta