Oró tí kì í pa ẹni tó pò ó

Àyìnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Raleigh? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí oró tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń pò fi ń pa ewé, tí kò sì pa òun fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ju orí fóònù lọ. Jẹ́ kí n fi Cercospora sọ ọ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń ba sóyà jẹ́, tó máa ń sọ hóró rẹ̀ di aláwọ̀ àlùkò. Oró pupa ló ń pò, cercosporin lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀, ní 1957.

Nínú òkùnkùn, oró yìí kò lè ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, á gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà, á sì gbé e fún ọ́síjìn tó wà nítòsí. Ọ́síjìn yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba awọ sẹ́ẹ̀lì ewé jẹ́, ohun inú rẹ̀ á máa jò síta, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì rí oúnjẹ jẹ. Kì í ṣojúsàájú rárá: ó ń pa ewéko, ó ń pa eku, ó ń pa bakitéríà.

Nítorí náà fọ́ńgọ́ọ̀sì ní láti dáàbò bo ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí oró bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa ń yí i padà sí irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí lò, bí ẹyin iná tí a fi eérú bò. Ìta ni yóò ti padà di pupa. Pùròtéènì kan tún wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ń ti oró náà jáde. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ba jíìnì tó ń darí ṣíṣe pùròtéènì yìí jẹ́, agbára fọ́ńgọ́ọ̀sì láti ṣe sóyà níbi dín kù.

Ìlú rẹ gan-an ni èyí tó jọ mí lójú jù ti ṣẹlẹ̀. Margaret Daub àti Marilyn Ehrenshaft, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì North Carolina State, wá àwọn Cercospora tó ń ba tábà jẹ́ tí oró tiwọn fúnra wọn ń pa wọ́n. Jíìnì tó bàjẹ́ lára wọn, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1999 ni wọ́n kéde pé fítámì B6 ni jíìnì náà ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe, fítámì tá à ń jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀! Fítámì yìí máa ń pa agbára ọ́síjìn burúkú yẹn. Àwọn ewéko náà ní jíìnì yìí.

Inú mi ń dùn sí i nítorí àwọn àgbẹ̀. Bí a bá rí ohun tó lè já ọ̀kan nínú àwọn ààbò wọ̀nyí, oró fọ́ńgọ́ọ̀sì ni yóò pa á. Bí o bá kọjá ní yunifásítì yẹn, bá mi béèrè ibi tí iṣẹ́ náà dé, kí o sì kọ̀wé sí mi kíákíá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kọ́lá