Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìwé ìtàn àràmàǹdà tí ó yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú wa dùn pé ara rẹ le, àti pé wọ́n gbà kí ìwọ àtàwọn àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ níléèwé tí wọ́n fi yín sí ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má jẹ́ kí iṣẹ́ náà gba oúnjẹ mọ́ ọ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ẹni mẹ́ta ló ti bi ọ́ pé ìwé wo ni àwọn lè fi bẹ̀rẹ̀ nínú ìtàn àràmàǹdà, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní fántásì. O ní The Wheel of Time ni o fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó ka ìwé kìíní dé ìdajì nínú wọn. O wá ń béèrè bóyá ìwé kíkà ti sú àwọn ènìyàn. Kò sú wọn o. Ẹni tí ìwé sú kì í wá bèèrè. Ìwé tí ìwọ fẹ́ràn lo gbé fún wọn, o kò tíì bi wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ràn.

Wo bí ìwé yẹn ṣe rí ná. Ìdìpọ̀ mẹ́rìnlá ni. Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 1990, ó kú ní 2007 láì tíì parí rẹ̀, Brandon Sanderson ló bá a kọ ìyókù tí ó fi parí ní 2013. Ìwọ kà á tán nítorí pé láti kékeré ni ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ, bí iná bá lọ pàápàá, fìtílà lo fi ń kà á. Àmọ́ ẹni tí kò ka ìwé ìtàn kankan láti ìgbà tó ti ṣe WAEC, bí o bá to ìdìpọ̀ mẹ́rìnlá síwájú rẹ̀, ẹ̀rù lo fi bà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìwé kan ṣoṣo tí kò nípọn, tí ìtàn inú rẹ̀ sì parí síbẹ̀, ni kí o kọ́kọ́ fi lé ẹni lọ́wọ́. Bó bá dùn mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá èkejì.

Kí o tó dárúkọ ìwé kankan fún ẹnikẹ́ni, bi í pé ìtàn wo ló dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ìbáà ṣe fíìmù, ìbáà ṣe àlọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà pa fún un. Ìdáhùn yẹn ni kí o fi yan ìwé.

Ọmọbìnrin JSS 2 tí o ní ó fẹ́ràn àlọ́, Akata Witch tí Nnedi Okorafor kọ ní 2011 ni kí o wá fún un. Sunny, ọmọbìnrin inú rẹ̀, àfín ni, New York ni wọ́n bí i sí, Aba ló sì ń gbé. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun ní agbára, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́ bí wọn yóò ṣe lò ó. Kíyè sí i o: What Sunny Saw in the Flames ni orúkọ tí wọ́n fi tẹ ìwé kan náà ní Nàìjíríà, kí o má baà ra ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé méjì mìíràn tẹ̀ lé e, ti 2017 àti ti 2022. Má tíì sọ ìyẹn fún un.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ tó jẹ́ pé fíìmù nìkan ló ń wò, tó ní Game of Thrones ni kí o yá òun, sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún un. Láti 1996 ni George R.R. Martin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ìtàn yẹn jáde, ìwé karùn-ún jáde ní 2011, àwọn tó kù kò tíì jáde di ìsinsìnyí. Àgbàlagbà ni, bó bá wù ú kó kà á, kó kà á, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tọmọdé. Èmi yóò kúkú fún un ní Mistborn, ti Sanderson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olè kan ló pa ìmọ̀ pọ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ aláṣẹ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù; àwọn kan nínú wọn a máa gbé irin mì, oríṣi irin tí wọ́n bá gbé mì ló ń sọ irú agbára tí wọn yóò ní. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀tẹ̀ àti ọgbọ́n àrékérekè nínú fíìmù yóò gbádùn rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n jáde láàárín 2006 sí 2008, ìwé kìíní sì yanjú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáadáa.

Onílé yín, bàbá tó ti fẹ̀yìntì, tí kì í fi ìwé ìròyìn Yorùbá rẹ̀ ṣeré, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Bàbá ń ka Yorùbá, ìwọ gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì onídìpọ̀ mẹ́rìnlá fún wọn! Fágúnwà ńkọ́? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn tí The Hobbit, ìtàn àràmàǹdà tí Tolkien kọ, jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ bá sọ pé ti òyìnbó nìkan ni irú ìtàn báyìí, ọdún méjèèjì yìí ni kí o kọ sójú pátákó fún wọn. Ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ bíi tèmi, ló jókòó tó kọ ìtàn Àkàrà-Oògùn, ọmọ ọdẹ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, tó wọ inú igbó náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọba tó tún rán òun àtàwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀ fún ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, bí mo bá ń ka ibi tí Àkàrà-Oògùn ti pàdé Agbákò fún kíláàsì, àwọn ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn a jí.

Kíkà sókè ni ìwé Fágúnwà fẹ́. Àkọtọ́ àtijọ́ wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀, wàá rí “aiye” àti “enia”, èyí lè dá ọmọdé dúró tó bá ń dá kà á, ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ń kà á tí wọ́n ń gbọ́, kò sí wàhálà. Ibi tí ọdẹ ti kọ́kọ́ wọgbó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ìwàásù pọ̀ nínú ìwé náà, pàápàá nílé Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n inú ìtàn náà, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ràn àwọn akọni náà kí wọ́n tó ní sùúrù gbọ́ ọ. Igbó Olódùmarè ti 1949, tó sọ ìtàn bàbá Àkàrà-Oògùn, ni kí o fi tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú wọn, Wọlé Ṣóyínká ti tú ti àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968.

Wọ́n á mú ìwé Amos Tutùọlá wá bá ọ pẹ̀lú, níwọ̀n bó ti jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. 1952 ni The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ jáde. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ. Yorùbá ni ọkùnrin yẹn ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá mọ àlọ́ arẹwà ọkùnrin tó yá ẹ̀yà ara kiri, tó sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku agbárí nìkan, yóò bá a nínú rẹ̀.

Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn Children of Blood and Bone rẹ̀ ti 2018, ó sì ti parí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ìtàn náà ní 2024. Ó ń sáré, ó ń gbóná, ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kìkì pé kí o sọ fún wọn pé òun ló tún àwọn òrìṣà tò bó ṣe wù ú nínú ìtàn rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ mọ Ọya bí a ṣe ń bọ ọ́, kó lọ bá àwọn ọlọ́ya.

Nínú ti òkèèrè, èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni A Wizard of Earthsea tí Ursula K. Le Guin kọ ní 1968. Ìwé tín-ín-rín ni. Ged, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí awọ rẹ̀ pọ́n dúdú, lọ kọ́ iṣẹ́ oṣó, ìgbéraga mú un pe òkú, òjìji burúkú sì bá ibẹ̀ jáde tó ń lé e káàkiri àwọn erékùṣù. Nínú ayé yẹn, ẹni tó bá mọ orúkọ tòótọ́ tí nǹkan ń jẹ́ ló lè pàṣẹ fún un. Ọmọ tó ti gbọ́ ọfọ̀ rí kò ní nílò àlàyé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ìwé tó ń múni ronú, òun ni kí o fún.

Àwọn ìwé Narnia ti C.S. Lewis, wọ́n ti fi nọ́ńbà kìíní sára The Magician's Nephew tó jáde ní 1955. Má tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn. The Lion, the Witch and the Wardrobe ti 1950 ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni ìyàlẹ́nu ayé náà wà.

Ọ̀kan kù. Tí o bá ti yá ènìyàn níwèé, má máa bi í pé ibo ló kà á dé. Tó bá dá a padà láìkà á tán, gbà á tayọ̀tayọ̀, kí o sì bi í pé ibo ló ti sú u. Ibi tó bá dárúkọ yóò jẹ́ kí o mọ èyí tí wàá fún un tẹ̀ lé e.

Ògbójú Ọdẹ tèmi ni n óò fi rán ọ sí bàbá onílé, àbúrò rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya díẹ̀, ẹ rọra máa ṣí i. Bí wọ́n bá ti kà á tán, bá mi bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú àwọn akọni méje yẹn, kí o sì kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ