Ẹ jẹ́ kí adágún Ọ̀yán náà ní ọkọ̀ ìgbòkun ìrọ̀lẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Bàbá kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí lórí àwọn tó ń sanwó wọ ọkọ̀ ìgbòkun ní Èkó kí wọ́n lè wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí wọ́n ń mu wáìnì, tí wọ́n ń jẹ ìpanu lórí omi. Bàbá ní ìwà òyìnbó ni, kò bá àṣà wa mu, kí ìjọba fòfin dè é. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà, ó sì ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èsì yìí jáde: kò yẹ kí wọ́n fòfin de ọkọ̀ náà, ṣe ló yẹ kí adágún Ọ̀yán tó wà lẹ́yìn dámù nítòsí Abẹ́òkúta náà ní tirẹ̀.

Alásè ni mí ní Ìjàyè, Abẹ́òkúta. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, mo ń dáná fún gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpanu tí gbogbo ayé ń pè ní small chops ni wọ́n mọ̀ mí mọ́ jù. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní irú ọkọ̀ tí bàbá ń sọ ló máa ń gbé iṣẹ́ fún mi ní Èkó. Láàárọ̀ Sátidé ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi á gbé kúlà wa wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè ní Láderin, a ó sọ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, a ó sì wá mọ́tò lọ sí Victoria Island. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan náà ṣe rí, torí ó jọ pé ohun tí bàbá ní lọ́kàn ni ariwo àti ìmukúmu. Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni àwọn àlejò máa ń wọ ọkọ̀. Ẹ̀ńjìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn ló ń gbé wa kúrò ní èbúté. Òpó ìgbòkun ga, kò lè gba abẹ́ àwọn afárá Èkó kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọjú sí ìhà Tarkwa Bay, ní ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé sí Àpápá. Bí a bá ti dé gbangba, awakọ̀ á pa ẹ̀ńjìnnì, àwọn ọmọ ọkọ̀ á fa okùn, ìgbòkun á gòkè, afẹ́fẹ́ á sì kún inú rẹ̀. Gbogbo ẹnu á pa rọ́rọ́. Omi tó ń lu ìhà ọkọ̀ nìkan lo máa gbọ́. Mo ti rí àwọn àgbà tó wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú líle, tí ojú náà tú kí á tó rìn jìnnà. Ẹ̀yìn àwọn kéréènì èbúté Àpápá ni oòrùn ń wọ̀ sí, pupa bí epo, omi náà á sì pọ́n. Ẹni tó bá rí i, tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó sọ ọ̀kan fún mi.

Afẹ́fẹ́ òkun ló ń ti ọkọ̀ náà. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ láti orí òkun wá sórí ilẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, afẹ́fẹ́ á rọ̀, ìgbòkun á sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èrò ń fẹ́ kí ọkọ̀ dúró kí wọ́n ya fọ́tò, ìgbà náà ló sì yẹ kí awakọ̀ ti máa ro ilé.

Oúnjẹ orí omi kò dà bí oúnjẹ òde. Ọwọ́ kan ni ènìyàn fi ń jẹun, èkejì di irin mú. Ohun tí a kò bá lè jù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò gbé e lọ. Mi ò bu ọbẹ̀ sí nǹkankan, mi ò gbé egungun lọ. Gízdòdò ni mo ń fi igi kéékèèké gún, ẹran ìgbín aláta, àkàrà tí kò ju ẹyin àdàbà lọ, sámósà. Tí o bá dé kúlà pa mọ́ sámósà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú epo, ooru inú rẹ̀ ló máa rẹ̀ ẹ́, kí o tó dé Èkó ó ti di jẹ̀bẹ̀tẹ̀. Ṣe ni mo máa ń jẹ́ kí ó tutù dáadáa lórí asẹ́ kí n tó kó o sínú kúlà, màá sì fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Wáìnì funfun tó wà nínú yìnyín ni wọ́n ń bù jù, nínú kọ́ọ̀pù ike, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn lórí ọkọ̀, àfọ́kù gíláàsì kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọtí. Níbi yìí ni mo ti bá bàbá gbà. Oòrùn ń pa ènìyàn, ọkọ̀ ń mì, ikùn ṣófo: ife wáìnì kan ṣoṣo lórí omi lè ṣe iṣẹ́ méjì nílẹ̀. Àṣẹ mi ni pé kí ìpanu yí ká kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ ọkọ̀ jà lórí rẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ náà, ọmọ Ìlàjẹ, èmi àti òun ti mọwọ́ ara wa. Mo ti rí i tí ọlọ́jọ́-ìbí kan rọ̀ ọ́ títí pé kó gba ife kan, ó kọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe dáadáa lórí ẹ̀wù amúniléfòó. Wọ́n ní í, ó pé, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n tò ó sí. Èrò á wọ̀ ọ́ ní èbúté, bí fọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn wí nítorí pé wọ́n ti sanwó. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn lójú ara wọn. Aṣọ ẹgbẹ́ jọjú, ẹ̀mí ló jù ú lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí bàbá kò mẹ́nu bà. NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi nílẹ̀ wa, ti fòfin de ìrìn òru lórí omi, ó sì tọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oòrùn kì í bá wa ṣeré: bí ó bá ti wọ̀, láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwọ̀ oòrùn láìrú òfin gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ti yí padà kí oòrùn tó kan ilẹ̀, kí ó sì máa wò ó nígbà tí èbúté ti wà lójú. Ó ṣeé ṣe. Aago mẹ́rin ni kí wọ́n gbéra, wọn ò gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó pẹ́.

Bàbá ní kì í ṣe àṣà wa. Bàbá mi, ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ni mí, odò Ògùn ló fi wá mọ Èkó. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Abẹ́òkúta ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Arò ni èbúté wa. Ibẹ̀ ni epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ti ń wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ sí Èkó, ibẹ̀ náà sì ni iyọ̀ àti aṣọ ń sọ̀ sí. Nígbà tí Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá wo Abẹ́òkúta ní ọdún 1861, ojú odò ló gbà wá. Títí dòní olónìí, àwọn apẹja orí ọ̀sà Èkó ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, kò sí òyìnbó kan lọ́dọ̀ wọn. Ìjókòó jẹ́ẹ́ lórí omi nírọ̀lẹ́ kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí Yemọja ni odò ìlú rẹ̀.

Odò Ògùn fúnra rẹ̀ kò ṣeé lò fún ohun tí mò ń sọ. Lábẹ́ afárá Lafẹ́nwá, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, àpáta á yọ; bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi dámù sílẹ̀, odò á wọ ilé onílé. Adágún dámù Ọ̀yán ló bá a mu. Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ló ṣí dámù náà ní ọdún 1983, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ló wà. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà. Àwọn àjọ Ogun-Oshun River Basin tó ń ṣàkóso rẹ̀, Abẹ́òkúta níbí ni olú-iṣẹ́ wọn wà. Kò sí afárá tó máa dí òpó lọ́nà, kò sí ilé alájà tó máa dí ojú ọ̀run. Lásìkò ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí oòrùn pọ́n roro kó tó wọ̀, ènìyàn lè fi ojú lásán wò ó. Ọ̀yán jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í le bíi ti ọ̀sà, nítorí náà ìgbòkun kékeré ló máa bá a lọ, pẹ̀lú àwọn apẹja ibẹ̀ tí wọ́n mọ àjẹ̀ lò. Iṣẹ́ tiwọn ni kó jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má kó awakọ̀ wá láti Èkó.

Oúnjẹ ọ̀hún kò níláti jọ ti Èkó. Èpìyà láti inú adágún náà, kí a dín in gbẹ, kí a yọ egungun rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kéékèèké nínú ewé. Kókóró. Kí a fi adìrẹ Ìtọ̀kú tẹ́ àwo. Ẹni tó bá fẹ́ wáìnì, kí ó mu wáìnì, ṣùgbọ́n emu ọ̀pẹ ni màá fi síwájú. Èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ti máa kan, á sì ti le jù, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kí adẹ́mu gun ọ̀pẹ lọ́sàn-án, kí emu náà ti orí ọ̀pẹ bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ Alhaja kì í fẹnu kan ọtí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Sóbò tútù pẹ̀lú atalẹ̀ á wà fún wọn, kì í ṣe bí ohun tí a fi tù wọ́n nínú, bí ohun tí a sè dáadáa ni.

Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo èyí, òun ló sì mú kí n jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyìí. Àtọ̀sí ajá. Àwọn onímọ̀ ìlera ti ṣe ìwádìí lọ́pọ̀ ìgbà ní àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà gbilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ dámù. Ẹni tó ní in á tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò á pa níbẹ̀, kòkòrò á wọ inú àwọn ìgbín omi kéékèèké, yóò tún jáde, yóò sì gba awọ ara ẹni tó bá tẹ omi wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọmọdé á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọ tó lo oògùn lónìí tó tún padà sínú omi lọ́la á tún kó o. Àwọn ìyá tí ń fọṣọ níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń pọn omi lẹ́sẹ̀ odò, ibòmíràn wo ni wọ́n fẹ́ lọ? Omi tí dámù náà kó jọ ni Èkó àti Abẹ́òkúta ń mu nínú ẹ̀rọ, àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ ló sì ń fi ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rí omi bù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Nítorí náà, èbúté onípákó tó yọ jáde sórí omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ kàn, kí àlejò má baà fẹsẹ̀ kan omi, kí apẹja náà sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú owó tí àlejò bá san, kí ìpín kan máa lọ tààrà sí kànga ẹlẹ́rọ àti oògùn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ kí gbogbo ayé rí i. Láìsí èyí, èmi kì yóò gbé àwo kan dé ibẹ̀, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.

Mo ń bẹ àjọ tó ni dámù náà, mo sì ń bẹ àwọn tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa: kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ má ré kọjá lásán. Kí wọ́n pe ìpàdé sí ẹ̀bá adágún, kì í ṣe sí òtẹ́ẹ̀lì. Kí àwọn baálẹ̀ àti apẹja kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹni tó mọ ọkọ̀ ìgbòkun tẹ̀lé e, kí NIWA wá sọ iye èrò tí ọkọ̀ kan lè gbé. Tí ó bá kan oúnjẹ, wọ́n lè rí mi ní Ìjàyè, màá sè ti ìpàdé náà láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Alásè,
Ìjàyè, Abẹ́òkúta.