Lẹ́tà sí Dúró, láti Kàbà

Dúró ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. Mo mọ̀ pé o ti bú mi tẹ́rùn, nítorí ó ti pé oṣù mẹ́ta tí lẹ́tà rẹ ti dé. Màmá yín wà dáadáa, àfi orúnkún. Wọ́n ti wu iṣu, wọ́n sì ní tìrẹ wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo fi 27 ṣeré fún wọn, 27 wa yẹn tí a kọ kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa: bí nọ́ńbà bá ṣeé pín sí méjì, pín in, bí kò bá ṣeé pín, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta kí o fi 1 kún un, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. O rántí bí ó ṣe gun òkè dé 9232, tí ó sì gba ìgbésẹ̀ 111 kí ó tó wálẹ̀ sí 1. Mo sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ti yẹ gbogbo nọ́ńbà wò kọjá 2^68 láìrí èyí tí ó kọ̀ láti padà sí 1, síbẹ̀ kò tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo nọ́ńbà ni yóò padà sí 1: ìbéèrè Collatz nìyẹn.

Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí a kò ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa yẹ ètò kọ̀ǹpútà èyíkéyìí wò, tí yóò sì sọ bóyá ètò náà yóò dúró tàbí yóò máa ṣiṣẹ́ lọ láìlópin. (Bí mo ṣe kọ “ṣé yóò dúró?” sójú pátákó, orúkọ rẹ ni mo rí, mo sì rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.) Mo ní Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní 1936 pé kò lè sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo pe ọmọ méjì jáde: ọ̀kan, tí ó dúró fún ẹ̀rọ náà, ni babaláwo tí ó mọ ohun gbogbo, èkejì, tí ó dúró fún ètò kọ̀ǹpútà, ni olóríkunkun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí babaláwo wí, kí ó tó ṣe òdìkejì rẹ̀. “Yóò jókòó!” Èkejì dìde fùú. “Yóò dìde!” Ó jókòó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọ yìí, tí ó ní, “Sà, kí babaláwo dákẹ́.” Mo ní bí ó bá dákẹ́, kò dáhùn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìbéèrè ni a ní yóò dáhùn.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi Gödel, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, kún un: pé ní 1931 ó fi hàn pé ìlànà ìṣirò tí ó bá lágbára tó, tí kò sì tako ara rẹ̀, kò lè fi ẹ̀rí gbe gbogbo òtítọ́ nípa nọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ náà kò bá ti ṣe, Gödel ni ó ń dì í rù.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé kan wá tí ó kún dé ẹ̀yìn, ó ní òun ti fi ìdí ọ̀rọ̀ Collatz múlẹ̀. Ní ojú ewé 31, ó kọ pé nọ́ńbà “gbọ́dọ̀” wálẹ̀ nígbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ó ti ṣubú, ṣùgbọ́n òru mẹ́rin ni mo ti ń wò ó, orí mi kò sì mú bíi ti àtijọ́ mọ́. Ìdánwò WAEC kù díẹ̀, kò sì ka ìwé mìíràn mọ́. Ìyá rẹ̀ ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpò lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé 31. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, ìwọ ni kí o kọ̀wé sí i, nítorí yóò gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní Kánádà gbọ́ ju tèmi lọ. Bí o kò bá sì rí àṣìṣe, má kọ̀wé rárá. Pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Èmi ni,
Jídé