Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Alápatà: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Májèlé sí Odò Ẹran

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo Káńsílọ̀,

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa alápatà tí à ń pa màlúù ní odò ẹran ìlú yìí la kọ ìwé yìí. Ó ta sí wa létí pé wọ́n fẹ́ fi májèlé sínú ẹran láti fi pa àwọn ajá ìgboro tó kún ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró. Àwa ni ajá wọ̀nyí ń yọ lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n májèlé yẹn yóò pa ìwọ̀nba igún tó ṣẹ́ kù, igún ló sì ń jẹ ìfun àti egungun tán tẹ́lẹ̀, tí ajá kì í fi í rí nǹkan wá jẹ.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ bí ó ṣe rí láyé ọjọ́un. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, igún ti tò bẹẹrẹ sórí páànù. Wọn kì í já ẹran gbà lórí àtẹ. Wọn yóò dúró títí a ó fi tú ìfun, tí a ó da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ẹnu wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ kọ̀rọ̀ egungun, wọ́n á ha iṣan àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ọn títí egungun á fi funfun. Omi inú ikùn wọn mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. A ò san kọ́bọ̀ fún wọn rí.

Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lónìí, orí igún wà lórí àtẹ nínú ọjà, wọ́n ń rà á fún àwúre. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa láàárín 2019 sí 2020, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan lọ nínú wọn. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò dí àlàfo yẹn? Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò àwọn ohun ẹlẹ́mìí lágbàáyé, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun ti dé tòsí wọn pátápátá.

Ní Íńdíà, diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, ló ba kíndìnrín igún jẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa fòfin dè é fún ẹranko ní 2006, igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkú màlúù kún ilẹ̀, ajá yó, ajá bí sí i, dìgbòlugi gbilẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú láàárín 2000 sí 2005 nítorí pé igún ò sí mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Ajá bu ọmọ iṣẹ́ wa kan jẹ lójúgun. Ọṣẹ àti omi la fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, torí bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló kù. Bí ẹ bá sì pa ajá òní, tí ìfun àti egungun ṣì wà nílẹ̀, ajá àdúgbò mìíràn ni yóò wá jẹ ẹ́ lọ́la.

Òfin ìpìlẹ̀ṣẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi odò ẹran, ọjà àti ìtọ́jú ohun ọ̀sìn sábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, dípò májèlé, ẹ bá wa fún àwọn ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí méje nínú mẹ́wàá bá gbà á, dìgbòlugi kò ní ráyè. Ẹ fòfin de títa igún lọ́jà, kí ẹ sì kọ́kọ́ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń lo orí igún jókòó, torí ọ̀pọ̀ wọn ni yóò gbọ́ràn. Ẹ má sì gé igi araba ẹ̀yìn odò ẹran, ibẹ̀ ni igún ń sùn.

Àwa náà ti gbà láti dáwó wáyà àti òpó, kí a fi ṣe ọgbà tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí igún yóò lè bà sí, tí ajá kò ní lè wọ̀. Ilẹ̀ díẹ̀ la ń tọrọ, àti ọjọ́ tí a lè wá rí yín kí wọ́n tó ra májèlé náà.

Alága, Akọ̀wé àti Ìyálọ́jà ẹlẹ́ran,
ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ alápatà